Ọjọ́ Mẹ́ta tí Bàbá fi Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà

"Ọkọ̀ ń lọ o! Àjàṣẹ́ tààrà! Ta ló kù tí kò tíì wọlé?"

Tàǹtí Adjara ló ń ké bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá wa ní Ṣábẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Àpótí ìjókòó mẹ́ta ló tò tẹ̀léra lábẹ́ igi máńgòrò, garawa kan tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ sì wà níwájú wọn. Florent, àbúrò mi ọkùnrin tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́fà, ló gun garawa náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdérí ìkòkò mú bí awakọ̀. Ìyábọ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àpò ìwé Florent lé itan. Faïzatou tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ló kẹ́yìn. Iṣu sísè ló ń jẹ, ó sì ń fi ìyókù pa àpótí lára.

"Ṣófẹ̀ẹ̀, ẹ rọra o, ọmọ wà nínú ọkọ̀ yìí!" Tàǹtí wí.

"Kì í ṣe èmi! Àwọn ewúrẹ́ yìí ni kò kúrò lọ́nà!" Florent dáhùn, ó sì tẹ fèrè: "Píìì! Píìì!"

"A dé Dásà! Ta ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀?"

"Èmi!" Ìyábọ̀dé fò dìde.

"Ó yá, Adúmáadán, sáré lọ. Ọkọ̀ ò tún ní dúró mọ́, ó di Bohicon."

Ìyábọ̀dé sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó tọ̀ lóòótọ́, ó sì padà wá jókòó sí àyè rẹ̀. Nígbà tí "ọkọ̀" dé Àjàṣẹ́, Tàǹtí jókòó sórí ẹní, ó ṣe bí arúgbó tí kò ríran dáadáa. Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyábọ̀dé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá. Èmi ni Ìyábọ̀dé."

"Sọ ọ́ sókè díẹ̀ sí i. Etí ni Bàbá máa fi rí ẹ."

"Ẹ KÚ ILÉ O, BÀBÁ!"

Adìẹ sá. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Èmi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé kàyé mi, ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí, lé orúnkún, mo ń wò wọ́n. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Tàǹtí ti ń bá wọn ṣe eré yìí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Lójú mi nígbà náà, ẹni tí kò mọ̀wé ló lè máa fi àkókò rẹ̀ ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ni iṣẹ́ gidi wà. Èmi ni bàbá wa ní kí n ṣètò ìrìn-àjò wa sí Àjàṣẹ́.

Bàbá wa, Théophile, ní oko kajú ní ọ̀nà Bessé. Àkókò Àjíǹde ni kajú máa ń já bọ́ jù lọ, nítorí náà kò lè bá wa lọ. "Olúwatóyìn," ó wí fún mi, "ìwọ lo wà ní ilé-ìwé àwọn màsẹ̀ẹ̀rì Kátólíìkì, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan sínú ìwé. Kọ bí ẹ ó ṣe lọ, ibi tí ẹ ó yà sí, àti ìgbà tí ẹ ó padà. Ohun tí o bá kọ ni ẹ ó tẹ̀ lé." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí.

Bàbá tó bí ìyá wa ni a ń lọ kí ní Àjàṣẹ́. Aránṣọ ni nígbà tí ojú rẹ̀ dára. Òjìji ènìyàn nìkan ló ń rí báyìí. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ kú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìyá wa bí ọmọbìnrin, Bàbá Àjàṣẹ́ sì fi fóònù sọ ọ́ ní Ìyábọ̀dé láti ibi tó wà, nítorí ó gbà pé ìyàwó òun ló padà wá sílé. Ó ní kí wọ́n gbé e wá kí òun kí i káàbọ̀. A ń palẹ̀ mọ́ láti lọ nígbà tí àìsàn dé bá ìyá wa. Ìyábọ̀dé kò tíì lè dá jókòó lọ́jọ́ tí a sin ìyá wa.

Ní ọ̀dọ̀ wa, òbí kì í dé ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni sàréè ìyá wa wà, nítorí náà Bàbá Àjàṣẹ́ kò lè fẹsẹ̀ tẹ Ṣábẹ̀ mọ́ láyé. Àwa la gbọ́dọ̀ lọ bá a.

Lẹ́yìn ikú ìyá wa ni bàbá wa fẹ́ Tàǹtí Adjara, ọmọ ìlú Ofè, Mùsùlùmí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àwàdà. Òun ló bí Faïzatou. Bí ìyàwó ilé ṣe máa ń ṣe, kì í pe àwa ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Florent ni Ọkọ Mi, Ìyábọ̀dé ni Adúmáadán, èmi ni Akọ̀wé. Faïzatou nìkan ló ń dárúkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń di irun Ìyábọ̀dé. Ó fi òòyà la irun náà sí méjì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Akọ̀wé, ṣé wọ́n á gbà mí wọlé?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn ará ilé ìyáálé mi. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ẹni tó wá jókòó sí àyè ọmọ wọn ni mí. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí Bàbá yẹn ò dá mi lóhùn ńkọ́?"

"Wọ́n máa dá yín lóhùn, Tàǹtí."

"Mo kàn fẹ́ kí ó mọ ẹni tó ń wẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan ló ń gbé mi lọ. Ohun tó kù ní ìlú ńlá ò jẹ mí lógún."

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn tèmi. Agnès, ọ̀rẹ́ mi tí àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Kútọnu, ti kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa àtijọ́ máa pàdé létí òkun ní ọ̀sán Àbámẹ́ta. "Bí o ò bá wá," ó wí, "a ó mọ̀ pé ọmọ oko ni ẹ́ lóòótọ́." Ó fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín mẹ́ta sí i. Ẹ̀rín náà dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

Bí mo ṣe wá kọ ọ́ sínú kàyé nìyí: Jímọ̀, Ṣábẹ̀ sí Kútọnu, ilé àbúrò bàbá wa. Àbámẹ́ta, ọjà ní àárọ̀, ògiri oníyàwòrán tó wà lẹ́bàá èbúté ní ọ̀sán, òkun ní aago mẹ́ta. Àìkú, Máàsì, lẹ́yìn náà ibi ìṣeré. Ajé, Àjàṣẹ́. Mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo sì fi bírò pupa kọ àwọn àkókò. Ó lẹ́wà.

Mo kà á fún bàbá wa àti Tàǹtí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bàbá wa mi orí. Tàǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Nígbà wo ni wọ́n máa sùn?"

"Lálẹ́," mo ní.

"Akọ̀wé, Faïzatou ń sùn bí oòrùn bá ti dé àárín ọ̀run. Adúmáadán náà ń sùn. Ọkọ Mi ní òun ò kí ń sùn, ṣùgbọ́n bí kò bá sùn, á máa wá ẹni tó máa bá jà. Mi ò rí oorun níbi tí o kà yẹn."

Bàbá wa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

"Èkejì," ó ní, "Àjàṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ lọ. Ọmọ tí kò tíì wọ ilé bàbá ìyá rẹ̀ rí, ilé ló ń kọ́kọ́ wọ̀ kí ó tó máa wo ìlú kiri. Wọ́n máa fún un lómi mu níbẹ̀, wọ́n máa kí i. Kí ó tó ṣeré."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa ní ilẹ̀ wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ lọ sí Àjàṣẹ́, Àbámẹ́ta máa kọjá lórí mi níbẹ̀. Mo wá fi àwọn ọmọ ṣe àwáwí.

"Kútọnu ni a ó kọ́kọ́ dé, Tàǹtí. Bí a bá kọjá rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, a ó tún máa padà sẹ́yìn. Ṣé ẹ fẹ́ kí ó rẹ àwọn ọmọ ni?"

Bàbá wa wo kàyé náà, ó wo ìlà tí mo fà. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání," ó ní.

Tàǹtí wò mí díẹ̀. "Ó dára, Akọ̀wé. Ìwọ lo ni bírò."

Ní ọjọ́ kejì mo pe Bàbá Àjàṣẹ́. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ayọ̀ kún inú rẹ̀. "Ọjọ́ wo ni ìyàwó mi ń bọ̀?"

"A máa gbéra ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá."

"Jímọ̀! Ó dára. Jímọ̀."

Mi ò sọ Ajé. Mo sọ fún ara mi pé n kò purọ́, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni a máa gbéra lóòótọ́.

*

Ní ọjọ́ Jímọ̀, a wọ bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ Tàǹtí. Àwọn ọmọ mẹ́ta náà jókòó jẹ́ẹ́. Florent ń wo awakọ̀ gidi, ó ń bá a yí ọwọ́. Ní Dásà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Ìyábọ̀dé dìde, ó ní, "Èmi!" ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Tàǹtí ti gé iṣu àti wàrà wàgáṣì wẹ́wẹ́ sínú àwọn àpò kékeré, ó ń fún wọn ní ẹyọ kan bí a bá ti kọjá ìlú kan, kì í ṣe kí wọ́n tó béèrè, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sunkún. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa ní, "Ìyá àwọn ọmọ, kí lẹ fún wọn jẹ? Ẹ fún tèmi náà jẹ." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé Kútọnu, oòrùn ṣì wà lókè. Tàǹtí wo àwọn ọmọ, ó ní, "Ara wọn ṣì le. Ṣé kí a má kàn máa lọ? Wákàtí kan péré ló kù."

"Àbúrò bàbá wa ti se oúnjẹ dè wá," mo ní. Ó pọn Faïzatou, ó tẹ̀ lé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta bà jẹ́ láti àárọ̀. Ní ọjà, ariwo da orí àwọn ọmọ rú. Níbi ògiri oníyàwòrán, oòrùn ń jó bí iná, Faïzatou sì ń ké oorun. Mo ń wo aago, mo ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a yára, ẹ jẹ́ kí a yára." Florent dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun ò rìn mọ́, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn ọlọ́pàá wá kó òun. Tàǹtí pọn Faïzatou, ó gbé Ìyábọ̀dé lé ìbàdí, ó ní, "Ọkọ Mi, mo ń wá akọni tó máa di ẹ̀yìn aṣọ mi mú, kí n má baà sọnù." Florent dìde fún ìyẹn.

A dé etí òkun ní aago mẹ́ta gẹ́lẹ́, bí mo ṣe kọ ọ́. Agnès àti àwọn yòókù ń juwọ́ sí mi láti ọ̀ọ́kán. Ìgbì òkun ga lọ́jọ́ náà. Ìyábọ̀dé tí kò rí omi tó ju odò Ọ̀pàrà lọ rí wo ìgbì náà bí ó ṣe ń dìde bọ̀, ó sì figbe ta. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ké ni. Ó gun Tàǹtí lọ́rùn, ó ń ké.

"Akọ̀wé, jẹ́ kí a kúrò níbí. Ẹ̀rù ń bà á."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, Tàǹtí. Mo ń bọ̀."

Mo sáré lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà lé ní wákàtí kan. A ya fọ́tò, a rẹ́rìn-ín, a tún fọ́tò yà. Nígbà tí mo padà, Tàǹtí jókòó sínú iyanrìn, ó kẹ́yìn sí òkun. Ó ti tú ìró òkè rẹ̀, ó fi bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí bí àgọ́, ó sì ń kọrin sísàlẹ̀ fún wọn lábẹ́ rẹ̀. Iyanrìn bo ojú rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó béèrè pé, "Ṣé o gbádùn ara rẹ?" ó sì fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Ìyábọ̀dé ti dákẹ́. Nígbà tó fẹ́ béèrè omi, ètè rẹ̀ ló mì. Ohùn kò jáde.

Kí n tó sùn, mo gbé fọ́tò tí mo yà létí òkun sórí ìkànnì lórí fóònù mi kí gbogbo ènìyàn rí i.

*

Ní àárọ̀ Àìkú, fóònù mi dún. Tọ́ńtọ̀n Dieudonné ni, ẹ̀gbọ́n ìyá wa ọkùnrin, tó ń bá Bàbá Àjàṣẹ́ gbé.

"Olúwatóyìn, níbo lẹ wà?"

"Kútọnu, Tọ́ńtọ̀n. Ẹ kú àárọ̀."

"Kútọnu! Mo rí fọ́tò rẹ létí òkun, mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Ṣé o mọ̀ pé Bàbá ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀? Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Jímọ̀, ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Àná, ó jókòó láti àárọ̀. Mo ní kí ó wọlé wá jẹun, ó ní ìyàwó òun wà lọ́nà, òun ò ní jẹun kó tó dé. Ibẹ̀ náà ló tún wà báyìí."

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá. 

Tọ́ńtọ̀n mí kanlẹ̀. "Àbí ìyàwó bàbá rẹ yẹn ló dá yín dúró? Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní fẹ́ dé ilé wa."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá ara yín níbi tí mo wà yẹn rí. Ẹlòmíràn ti ṣí ilẹ̀kùn fún yín láti sá jáde nínú ẹ̀bi yín. Ẹ kò tilẹ̀ ní láti purọ́ gígùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ti tó. Tàǹtí wà ní ilé ìwẹ̀, ó ń wẹ̀ fún Florent, mo ń gbọ́ tí omi ń dà.

"Ẹ̀n," mo ní. "Òun ló ní kí a sinmi ná."

Mo kó gbogbo ẹrù wa. Mo sọ fún Tàǹtí pé Bàbá Àjàṣẹ́ ń retí wa, kí a máa lọ kíákíá. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó wọ aṣọ tó ti pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bi mí léèrè pé, "Ṣé mo dà bí ènìyàn?" Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé náà ni mo rí i. Àga onígi kan wà ní ẹnu ọ̀nà, Bàbá Àjàṣẹ́ sì wà lórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun tó ti rún, fìlà lórí, ọwọ́ méjèèjì lórí ọ̀pá. Ó gbọ́ ìró wa, ó gbé orí sókè. Tọ́ńtọ̀n Dieudonné jáde wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Tàǹtí Adjara.

"Ìwọ, dúró síta ná. Olúwatóyìn ti sọ fún wa. Ìwọ tí o dá ìyàwó arúgbó dúró lọ́nà fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, kí lo ń wá níbí?"

Tàǹtí yíjú sí mi. Ojú wa pàdé. Ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí i tí ó ń yé e. Mo dúró de kí ó pariwo. Ó ní ẹ̀rí tó pọ̀: bàbá wa, kàyé mi, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá mi sọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú Faïzatou lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àwọn ọmọ wọlé. Èmi lè dúró síta."

Bàbá kò dá a lóhùn. Ohun tí Tàǹtí ti ń bẹ̀rù láti Ṣábẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ yẹn. Bàbá na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. "Ìyàwó mi dà?"

Tàǹtí rọra ti Ìyábọ̀dé síwájú. Ọmọ náà lọ, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó la ẹnu. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń sọ ọ́: Ẹ kú ilé o, Bàbá. Kò sí ìró kankan.

Bàbá dẹ etí. Ó dúró. "Kí ló dé tí n kò gbọ́ nǹkan? Ṣé kò wá ni? Àbí kò fẹ́ kí mi?"

Ìyábọ̀dé tún la ẹnu, gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Omi bọ́ lójú Bàbá.

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo wólẹ̀ níbẹ̀.

"Ó ń kí yín, Bàbá! Ó ti kúnlẹ̀ níwájú yín. Ohùn rẹ̀ ló lọ, nítorí ó ké jù létí òkun lánàá. Èmi ni mo mú un lọ. Tàǹtí ní kí a kọ́kọ́ wá síbí, ó sọ ọ́ nílé, ó tún sọ ọ́ ní Kútọnu, èmi ni mo kọ̀, nítorí mo fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ya fọ́tò. Irọ́ ni mo pa fún Tọ́ńtọ̀n."

Tọ́ńtọ̀n Dieudonné wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ariwo ẹkún mi dẹ́rù ba Ìyábọ̀dé. Ó yí padà, ó sáré, ó sì fi orí pamọ́ sí àyà Tàǹtí.

Bàbá gbọ́ eré ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ta ló sá bá?"

"Èmi ni, Bàbá," Tàǹtí dáhùn láti orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀.

"Sún mọ́ mi."

Ó fi orúnkún wọ́ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá na ọwọ́, ó wá orí ọmọ náà títí ó fi bá a níbi tó wà, ní àyà obìnrin tí kò rí rí. Ó fi ìka aránṣọ rẹ̀ tọ irun dídì náà láti iwájú orí dé ìpàkọ́, lẹ́sẹẹsẹ, láìkánjú, bí ẹni tó ń yẹ ojú rírán wò lára aṣọ.

"Ta ló di irun yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kò sí ìlà kan tó wọ́. Kò sì fà á jù. Awọ orí rẹ̀ rọ̀." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ náà, ó gbé e lé orí Tàǹtí, ó sì fi í síbẹ̀. "Dieudonné, bu omi wá. Ìyá àwọn ọmọ mi ló dé."

Tàǹtí Adjara, tí kò sunkún létí òkun, tí kò sunkún nígbà tí wọ́n na ìka sí i, sunkún nígbà yẹn.

Èmi ṣì wà nílẹ̀ nínú iyanrìn. Nígbà tí wọ́n ti mu omi tán, Bàbá yíjú sí ibi tí ó ti gbọ́ ohùn mi kẹ́yìn. "Olúwatóyìn, o mú mi jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, arúgbó ni mí, mo ti mọ ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọ́jú yín ni o tì síwájú kí ẹ̀gún má baà gún ọ. Òun ni kí o bẹ̀. Bí kò bá ní kí o wọlé, má wọlé."

Mo yíjú sí i. "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́..." Mo fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborí. "Ó dùn mí, Akọ̀wé," ó ní. "Má rò pé kò dùn mí." Lẹ́yìn náà ó tú ọ̀já rẹ̀. "Wá gba Faïzatou. Ẹ̀yìn ń ro mí láti àná, o sì ní ẹ̀yìn tó dára tí o kò fi ṣe nǹkan kan."

Tọ́ńtọ̀n Dieudonné fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́. Mo pọn ọmọ náà, mo sì wọlé lẹ́yìn gbogbo wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo pe bàbá wa, mo sì ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó òun, pé òun ló máa sọ fún wa bí ọjọ́ tó kù ṣe máa rí. Ó dùn mí. Ó sì tọ́ sí mi.

Tàǹtí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó po oyin mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún Ìyábọ̀dé, ó fi gbogbo wọn sùn ní ọ̀sán, ó sì tún fi oyin náà fún un ní alẹ́. Ní àárọ̀ Ajé, ohùn ọmọ náà ti ń padà, ó há bíi ti àgbàlagbà. Bàbá ní òun fẹ́ mú ìyàwó òun lọ ra àkàrà ní ìkángun àdúgbò.

Kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ. Gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Bàbá fi ọ̀pá wá ilẹ̀, Ìyábọ̀dé di ìka rẹ̀ kan mú. Bí ó bá rí èèrà, wọ́n á dúró. Bí Bàbá bá fẹ́ mí, wọ́n á dúró. Kò sí ẹni tó ń fa ẹnì kejì. Tàǹtí Adjara ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn díẹ̀, kò sún mọ́ wọn jù, kò jìnnà jù, Florent wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, èmi sì wà lọ́wọ́ òsì pẹ̀lú Faïzatou lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ mi ń yún mi láti yára. Mo fi agbára mú un dúró.

Ní ọ̀nà yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí kàyé mi kò kọ́ mi. Ẹni tó bá ń ṣètò ìrìn-àjò fún àwọn ọmọ kéékèèké gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí wọ́n ń sùn, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, àti ẹni tó jókòó tó ń retí wọn. Ìgbádùn tirẹ̀ ló máa kẹ́yìn. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀, kí ó gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbé e lé lórí lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyé. Tàǹtí Adjara kò ka ìwé kankan, ó sì mọ méjèèjì.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ aláàkàrà, ó ti tà á tán. Bàbá ní kò burú, a ó padà wá lọ́la, kí a tètè jáde.